Kí ló dé tí òkè ayọnáyèéfín kan ń ṣàn bí epo, tí òmíràn sì ń bú gbàmù?

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 pín òkè ayọnáyèéfín sọ́nà méjì. Lójú ewé kan, ó ní mẹ́ta ni wọ́n: èyí tó ṣì ń yọná, èyí tó sùn, èyí tó ti kú. Lójú ewé kejì, ó tún ní mẹ́ta ni wọ́n: èyí tó tẹ́ bí asà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, òkè ṣóńṣó tí eérú àti lava (àpáta yíyọ́ tó ṣàn síta) tò léra wọn kọ́, àti òkìtì kékeré tó jẹ́ kìkì òkúta jíjóná. Ó wá ní èyí tó tẹ́ máa ń ṣàn jẹ́jẹ́, èyí tó ga ṣóńṣó máa ń bú. Ibẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u. Lóṣù kìíní ọdún 2002, lava láti òkè Nyiragongo wọ ìlú Goma ní Kóńgò, ó run ilé tó tó 4,500, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ ará ìlú fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ní 1902, òkè Pelée ní erékùṣù Martinique pa nǹkan bí ènìyàn 28,000 ní ìlú Saint-Pierre láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Ẹ sì tún wò ó: Nyiragongo ga ṣóńṣó, kò tẹ́ rárá. Bí òfin ìwé wa bá tọ́, ṣebí bíbú ló yẹ kó bú?

Ọ̀kan kù. Àwọn ọmọ ò yéé béèrè bóyá òkè iná tó ti kú ni òkè Ìdànrè àti Olúmọ. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló ń gbé omi Ìkògòsì kaná?

---

Àpáta_Dúdú

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ gbé ti "ó ń yọná, ó sùn, ó kú" sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn kì í ṣe irú òkè, ó kàn ń sọ ìgbà tó yọná kẹ́yìn ni. Kò tiẹ̀ ṣe é fọkàn tẹ̀. Òkè Pinatubo ní Philippines sùn fún nǹkan bí 500 ọdún, igbó bò ó, àwọn ènìyàn ń dáko lára rẹ̀, kó tó bú ní 1991.

Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀. Àpáta tó ti yọ́ tó ṣì wà nísàlẹ̀ ni magma. Tó bá ti yọ síta, lava ló ń jẹ́. Ẹ máa bi magma ní ìbéèrè mẹ́ta: báwo ló ṣe ki tó? Gáàsì inú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó pàdé omi lọ́nà?

Silica ló ń mú kó ki, ohun kan náà tó pọ̀ nínú iyanrìn odò. Bí silica bá pọ̀, àwọn èérún rẹ̀ á máa so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, magma á sì lọ́ra. Magma tó ń di òkúta basalt ní silica bíi 45 sí 52 nínú 100, ooru rẹ̀ máa ń tó 1,000 sí 1,200°C, ó ń ṣàn dáadáa. Èyí tó ń di andesite wà láàárín 57 sí 63. Èyí tó ń di rhyolite sún mọ́ 70 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru rẹ̀ kò ju bíi 650 sí 850°C, ó sì ki débi pé ó lè jókòó sí ẹnu òkè bí òkèlè láìṣàn lọ ibì kankan. Bí ooru bá ṣe lọ sílẹ̀ tó náà ni kíki ń pọ̀ tó, nítorí náà nǹkan méjì ló jọ ń ti rhyolite sẹ́yìn.

Ìgbà tí ẹ bá wá fi gáàsì kún un lọ̀rọ̀ ń dùn. Ẹ gbé ìkòkò méjì kaná, ẹ bu omi sí ọ̀kan, ẹ rò ògì sí èkejì títí á fi fẹ́ di ẹ̀kọ. Ti omi, ooru ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń hó, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ti ẹ̀kọ, ooru há sábẹ́, ojú rẹ̀ wú díẹ̀, ó dákẹ́, ó sì ta pòó sí apá ẹni tó ń rò ó. Iná kan náà, ooru kan náà, kíki ló yàtọ̀.

Ibi tí àpèjúwe ìkòkò kò dé ni pé gáàsì magma ti yọ́ sínú rẹ̀ tipẹ́, bí gáàsì ṣe wà nínú ìgò míńrà tí a ò tíì ṣí. Ìwúwo ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí magma bá ṣe ń gòkè ni ìwúwo yẹn ń dín kù, gáàsì á sì máa yọ fọ́mù. Omi ló pọ̀ jù nínú gáàsì náà, carbon dioxide àti gáàsì imí ọjọ́ tẹ̀lé e. Ẹ mú kúbíìkì mítà kan rhyolite gbígbóná tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Bó bá dé òkè ilẹ̀ tó sì tú gbogbo omi yẹn sílẹ̀ bí ooru, àyè tí ooru náà máa gbà lé ní kúbíìkì mítà 600. Ibo ló fẹ́ gbà? Ṣe ló máa fọ́ magma náà sí wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ yẹn là ń pè ní eérú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe eérú igi rárá: èérún díńgí àti òkúta ni.

Ó yá, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yọ. Irú ti Hawaii: magma basalt, kò ki, gáàsì kò há. Ilẹ̀ á là, lava á tú síta bí omi páìpù tó bẹ́, á sì ṣàn jìnnà kó tó dì. Ìdí nìyẹn tí òkè bẹ́ẹ̀ fi tẹ́. Mauna Loa ga tó mítà 4,169 lórí òkun, síbẹ̀ ìdàgẹ̀rẹ́ rẹ̀ rọra gan-an. Ní 2018, Kilauea tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jó ilé tó lé ní 700, ẹnì kan kò kú. Irú èyí kì í pa ènìyàn.

Stromboli ní Ítálì ki díẹ̀ sí i. Gáàsì á kó jọ di ìléròrò ńlá kan, á gòkè, á bẹ́, á da òkúta pípọ́n sókè. Ní bíi ìṣẹ́jú 10 sí 20, á tún ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ki gan-an. Pinatubo ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 1991 ta eérú sókè tó kìlómítà 35, gáàsì imí ọjọ́ tó tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 15 sì wọ inú òfuurufú, débi pé ooru gbogbo ayé lọ sílẹ̀ ní bíi ìdajì digiri ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ti Pelée tún yàtọ̀. Lava tó ki bí òkèlè ti dí ẹnu òkè, gáàsì bẹ́ lábẹ́ rẹ̀, eérú, òkúta àti gáàsì tó gbóná tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún digiri sì yí gìrìgìrì wálẹ̀. Ìgbì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà, ó sì lè sáré ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Saint-Pierre wà ní bíi kìlómítà 7 sí ẹnu òkè. Ẹ bá mi ṣírò iye ìṣẹ́jú tí ará ìlú ní.

Ohun tí Goma rí ni lava. Ohun tí Saint-Pierre rí ni ìgbì eérú gbígbóná. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ pe méjèèjì ní nǹkan kan náà.

Tí wọ́n bá fẹ́ rí bí ìdérí ìgò ṣe ń ṣí, kí wọ́n wo St. Helens ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù kẹta 1980, magma tó ki ń wọ inú òkè náà láìrí ẹnu jáde. Ẹ̀gbẹ́ àríwá rẹ̀ ń wú síta ní bíi mítà méjì lójúmọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún, aago 8:32 àárọ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 5.1 mi òkè náà, ẹ̀gbẹ́ tó wú yẹn já wálẹ̀ lódidi. Lójú ẹsẹ̀, ìwúwo tó wà lórí magma lọ. Kò bú sókè lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ ló bú gbà, ó sì tẹ́ igbó lọ beere. Ènìyàn 57 kú. Òkè tó jẹ́ mítà 2,950 di 2,549.

---

Olókùúta

Ọ̀gá Àpáta, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò gbà pé "irú èyí kì í pa ènìyàn" o. Kilauea kan náà yẹn bú ní 1790, ó pa ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá. Ní 1924 ó tún bú, ó ń ju òkúta ńláńlá. Magma rẹ̀ kò yí padà. Omi ló dá sí i. Bí òpó lava bá lọ sílẹ̀ ní ẹnu òkè, tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì dé ara àpáta gbígbóná, omi náà á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì fọ́n gbogbo nǹkan sókè. Ìbéèrè kẹta tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sókè yẹn ni, kò ṣe é fò. Irú ìbúgbàmù ooru omi yìí tún burú ní ti pé ó lè má fúnni ní àmì. Òkè Ontake ní Japan, oṣù kẹsàn-án 2014, bú sójú àwọn tó ń gun òkè fún ìgbafẹ́, ènìyàn 63 ló bá a lọ. Magma tuntun kò jáde rárá, ooru omi lásán ni.

Tíṣà, ó kan Nyiragongo. Magma rẹ̀ wà lára àwọn tí silica wọn kéré jù láyé, nǹkan bí 40 nínú 100, nítorí náà ó ń ṣàn ju ti Hawaii gan-an lọ. Kí ló wá gbé e ga tó mítà 3,470? Ẹ má wo òkè bí ẹni pé ìrísí rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún un. Ìrísí wulẹ̀ ń sọ bí nǹkan ṣe ń kó jọ ni. Ti Nyiragongo, adágún lava ló wà ní ẹnu rẹ̀, kòtò tó fẹ̀ ju kìlómítà kan lọ. Ó ń ta sí etí, ó ń dà díẹ̀díẹ̀, eérú àti òkúta jíjóná ń dì mọ́ ọn, ara òkè ń ga sí i.

Wàhálà wà nínú gíga yẹn. Ẹ fojú inú wo táńkì omi orí òpó. Bí ẹ bá dá a lu lókè, omi á máa kán. Bí ẹ bá dá a lu nísàlẹ̀, yóò tú jáde bí ọfà. Ní oṣù kìíní 1977, ẹ̀gbẹ́ òkè náà là, gbogbo adágún gbẹ láàárín wákàtí kan, lava sì sáré tó nǹkan bí kìlómítà 60 ní wákàtí kan níbi tó ti dà gẹ̀rẹ́ jù. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè sá fún ìyẹn. Ní 2002 ó ti rọ̀ kó tó wọ Goma, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n rìn jáde. Síbẹ̀ ó bo apá kan ojú ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú ìlú náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2021, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tún là.

Òkìtì òkúta jíjóná kò ní ariwo púpọ̀. Parícutin ní Mẹ́síkò là á fi ń ṣàpẹẹrẹ, torí pé inú oko àgbàdo ló ti hù ní ọjọ́ 20 oṣù kejì 1943, ó dákẹ́ ní 1952 nígbà tó ti ga tó mítà 424, kò sì tún yọná mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú wọn sábà máa ń yọ.

Àmọ́ ìwé yín fo méjì tó le jù. Ọ̀kan kì í tilẹ̀ ṣe òkè. Ní Laki, ní Iceland, ilẹ̀ ló là ní nǹkan bí kìlómítà 27 láti oṣù kẹfà 1783, ó ń tú lava fún oṣù mẹ́jọ. Lava kọ́ ló ṣe wọ́n ní jàǹbá. Fluorine àti gáàsì imí ọjọ́ bà sórí koríko, ó ju ìdajì ẹran ọ̀sìn erékùṣù náà tó kú, ebi sì pa nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn márùn-ún. Èkejì ni èyí tó tú magma tó pọ̀ débi pé òkè fúnra rẹ̀ wó sínú ihò tó ṣẹ́ kù lábẹ́. Tambora ní Indonéṣíà, oṣù kẹrin 1815, fi kòtò tó fẹ̀ tó kìlómítà 6 sílẹ̀.

Fún ìwọ̀n, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní VEI ni kí ẹ fi kọ́ wọn, láti 0 dé 8. Iye eérú àti òkúta tí òkè tú jáde ló ń wọ̀n. Láti 2 lọ sókè, ìpele kan ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. St. Helens jẹ́ 5, kúbíìkì kìlómítà kan. Pinatubo jẹ́ 6. Tambora jẹ́ 7. Bí wọ́n bá fi ojú eré ìdíje bọ́ọ̀lù wò ó, wọ́n á rò pé 5 àti 7 kò jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ló wà láàárín wọn.

---

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ táńkì yẹn ti yanjú Nyiragongo fún mi. Ẹ wá bá mi sọ èyí: bí lava kì í bá ṣe òun ló ń pani jù, kí ló ń pani? Kí ni ẹni tó ń gbé nítòsí irú òkè bẹ́ẹ̀ lè ṣe? Àwọn ọmọ ò ní ṣàì béèrè.

---

Eérú_Lókè

Ìgbì eérú gbígbóná ló lágbára jù. Kò sí ilé tàbí ìbòmú tó gbà á. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbani ni kéèyàn ti kúrò kó tó yọ. Ìyẹn ló gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún là ní Pinatubo. Ẹ wo bí wọ́n ṣe mọ̀: ní àárín oṣù karùn-ún 1991, gáàsì imí ọjọ́ tó ń jáde jẹ́ tọ́ọ̀nù 500 lójúmọ́. Ní ọjọ́ 28, ó ti ju 5,000 lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ó já wálẹ̀ sí ohun tí kò tó 300. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọpẹ́ ni f'Ólúwa, ó ti ń rọlẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ mọ̀ pé ẹnu òkè ti dí ni, ìmìtìtì ilẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ìgò ti ní ìdérí. Wọ́n kó àwọn ènìyàn kúrò.

Ọ̀gbàrá ẹrẹ̀ ló tẹ̀ lé e, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Nevado del Ruiz ní Kòlóńbíà, ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 1985: ìyọná náà kéré, ṣùgbọ́n yìnyín wà lórí òkè. Iná yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, omi gbá eérú àti òkúta, ó wọ inú odò, ó nípọn bí kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Ó rìn fún nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀ kó tó dé ìlú Armero lóru. Wákàtí méjì ààbọ̀ o! Ènìyàn tó tó 23,000 kú, bẹ́ẹ̀ àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí ewu wà hàn ti jáde ní oṣù tó ṣáájú. Òfin ibẹ̀ rọrùn: bí odò tó ti orí òkè wá bá ń dún gbùrùgbùrù, tàbí tó ṣàdédé fà, kúrò ní àfonífojì, gun ibi gíga tó sún mọ́ ọ. Má tọ ojú odò sísàlẹ̀. Má gba orí afárá bí ẹrẹ̀ bá ti wà lábẹ́ rẹ̀. Òjò lè tún eérú àtijọ́ gbá lọ lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí òkè ti dákẹ́.

Eérú nìkan ni ará ilé lè bá jà. Ohun tó ń ṣe jàǹbá jù ni òrùlé. Eérú gbígbẹ tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 10 wúwo tó kílò 50 sí 130 lórí mítà kan níbùú lóròó. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ó lè di 100 sí 200. Ìjì líle kan kọjá ní ọjọ́ tí Pinatubo bú gan-an, eérú mu omi, òrùlé sì wó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ gbá a kúrò kó tó nípọn, nígbà tó ṣì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kó má baà fẹ́, ẹ má da omi sí i. Ẹ gbé àkàbà sí ibi tí ògiri wà lábẹ́, má dúró láàárín páànù. Kó apá méjèèjì lẹ́sẹẹsẹ, díẹ̀ ní ọ̀tún, díẹ̀ ní òsì, torí bí ẹ bá tú ọ̀tún tán pátápátá, ìwúwo òsì á fa òrùlé wó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ páìpù òjò kúrò lẹ́nu táńkì. Ẹ má gbá eérú sí gọ́tà, bó bá rí omi á dì bí sìmẹ́ńtì. Ìbòmú N95 ni kí ẹ lò. Aṣọ tútù sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n kò dà bí rẹ̀. Ẹni tó bá fi gíláàsì kékeré (contact lens) sínú ẹyinjú, kó yọ ọ́. Ẹ má tan ọ̀pá tó ń nu gíláàsì mọ́tò lórí eérú gbígbẹ, díńgí ni eérú yẹn, yóò fá gíláàsì náà.

Ìdí kan náà ni ọkọ̀ òfuurufú fi ń sá fún un. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì gbóná ju ibi tí èérún yẹn ti ń yọ́ lọ, ó ń yọ́ wọ inú rẹ̀, á sì dì mọ́ ọn. Ní oṣù kẹfà 1982, lókè Java, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ Boeing 747 kan kú nínú eérú òkè Galunggung. Ìgbà tó jábọ́ kúrò nínú eérú ni wọ́n tó tún ta.

Ó ku gáàsì. Carbon dioxide wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń kó sí kòtò. Ní àyíká Goma, "mazuku" ni wọ́n ń pè é lédè Swahili. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tó bá rí ẹran tó ti kú sí kòtò tí ojú ọgbẹ́ kò sí lára rẹ̀, kó má sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e.

---

Òkúta_Akọ

Ẹ jẹ́ kí n gba ti òkè Ìdànrè, Olúmọ àti omi Ìkògòsì.

Òkè Ìdànrè àti Olúmọ kì í ṣe òkè iná, wọn ò sì fìgbà kankan rí jẹ́ ẹ. Òkúta akọ ni wọ́n. Magma ló dá wọn lóòótọ́, nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n magma náà kò rí ìta. Ó dì sí ìsàlẹ̀ jíjìn, ọ̀pọ̀ kìlómítà. Òjò àti oòrùn ló ń he ilẹ̀ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yọrí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lójú òkúta. Ẹ mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ní ibi ìfọ́kúta, ẹ gbé e sún mọ́ ojú. Ẹ máa rí hóró funfun, hóró aláwọ̀ ẹran, àti èyí dúdú tó ń dán yinrin, tí ẹ lè fi ojú lásán kà. Hóró kì í tóbi bẹ́ẹ̀ àfi kí òkúta tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lava tó tutù kíákíá lókè ilẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀, dúdú, nígbà mìíràn tó kún fún ihò gáàsì bí búrẹ́dì. Rírí roboto tí òkè Ìdànrè rí kì í ṣe ti iná: bí ìwúwo orí rẹ̀ ṣe ń kúrò ló ń bó ní awẹ́-awẹ́ bí èpo àlùbọ́sà.

Omi Ìkògòsì kò nílò òkè iná. Òjò ń wọ inú ilẹ̀ gba ojú àpáta tó la, ó ń sọ̀ jinlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe jìn tó ni ooru rẹ̀ ń pọ̀ tó, níbi gbogbo láyé. Omi náà gbóná níbẹ̀, ó sì rí ojú mìíràn gòkè padà kó tó tutù tán, ní bíi 37 sí 38°C. Omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun ni, kò tó ohun tí magma ń sè.

Bí wọ́n bá fẹ́ rí òkè iná ní Nàìjíríà, kí wọ́n lọ sí òkè ilẹ̀ Biu ní Borno, tàbí ní àyíká Panyam àti Kerang ní Plateau. Òkìtì òkúta jíjóná àti lava basalt wà níbẹ̀ kedere, kò sí èyí tó ń yọná nínú wọn. Biu wà ní ìdí ìlà kan tó gba Kamẹrúùnù kọjá wọ inú òkun, títí dé Bioko, São Tomé àti Annobón. Lórí ìlà yẹn ni òkè Kamẹrúùnù wà, òun ló ṣì ń yọná lọ́wọ́ nítòsí wa. Ó yọ ní 1982, 1999 àti 2000. Lava ti 1999 sún mọ́ etí òkun ní Bakingili. Ẹ fi òun náà kún ẹ̀rí Olókùúta, torí òkè gíga ni, lava rẹ̀ sì ń ṣàn.

Lórí ìlà yẹn kan náà ni adágún Nyos wà. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1986, kò sí iná, kò sí eérú. Carbon dioxide tó ti ń jò láti ìsàlẹ̀ sínú omi jíjìn ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀ gba àfonífojì, ó pa ènìyàn tó lé ní 1,700, títí dé ibi tó jìn tó kìlómítà 25. Láti 2001 ni wọ́n ti ri páìpù wọ ìsàlẹ̀ adágún náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà gáàsì fúnra rẹ̀ ló ń gbé omi gòkè, ó ń tu fọ́ọ̀, gáàsì sì ń dín kù nísàlẹ̀.

---

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Ọlọ́run á fún yín ṣe o. Ọ̀gá Àpáta, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà wà tí àwọn ọmọ fi lè fojú rí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ yẹn ní kíláàsì láìdáná?

---

Àpáta_Dúdú

Olókùúta ló jàre lórí ọ̀rọ̀ 1790, mo gbà.

Ó wà, Tíṣà. Ẹ wá ìgò 50cl méjì tó mọ́ gaara, ẹ gbé wọn sínú abọ́ fífẹ̀. Ẹ bu omi 10cl sí ọ̀kan. Ẹ bu sítáàṣì aṣọ tí ẹ ti sè tó sì ti tutù 10cl sí èkejì. Kó ki bí ẹ̀kọ mímu, kó má di ẹ̀kọ jíjẹ. Ẹ fi ṣíbí kékeré kan baking soda sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi igi ro ó. Kí ọmọ méjì da fínígà 5cl sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fi igi ro ti sítáàṣì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá.

Ti omi á hó fàà, fọ́mù á gòkè, á sì bẹ́ padà wálẹ̀ kíá. Ti sítáàṣì á lọ́ra, á wú, ìléròrò rẹ̀ á há, á sì máa yọ́ jáde lẹ́nu ìgò fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ti omi ti dákẹ́.

Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni kí sítáàṣì ki jù: fínígà á léfòó sórí, kò ní wọlé, àwọn ọmọ á ní tíṣà purọ́. Ẹ bomi là á, ẹ tún gbìyànjú. Bí sítáàṣì bá ṣì gbóná, kíki rẹ̀ á dín kù, ìyàtọ̀ kò ní hàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ìgò kankan, ọmọ SS2 á fẹ́ dán an wò. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé fínígà àti baking soda ló dá gáàsì tiwọn. Ti òkè iná, inú magma ló ti wà látilẹ̀.